Tíkẹ́ẹ̀tì àti Ilẹ̀kùn Ilé Ọlọ́run

Àsọyé fún àwọn ọmọ ìjọ ní Ìkárẹ́ àti ní Ọ̀kà, lórí bí a ti í múra láti lọ wo bàsílíkà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá síwájú yín lè dà bí ohun kékeré ní etí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ìrìnàjò ni, àti ọ̀rọ̀ owó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó mú mi sọ ọ́.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan tí ó ń ta epo pupa ní ọjà Ìkárẹ́ tọ̀ mí wá lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀. Ó ti ń dá èésú fún ọdún púpọ̀, ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ sì ni kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ilé ìsìn ńlá ti Peteru Mímọ́ ní Róòmù kí ó tó kú. Ọkùnrin kan ti wá sọ fún un pé tíkẹ́ẹ̀tì tí a fi ń wọ ilé náà wọ́n, pé ó sì ti fẹ́rẹ̀ tán, àti pé bí kò bá san owó náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àyè yóò bọ́. Ó bi mí pé, “Bàbá wa, ṣé kí n san án?” Èmi kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo dá a lóhùn pé, “Ẹ san án, Màmá, kí àyè má baà bọ́ lọ́wọ́ yín.” Ó san án. Ọkùnrin náà kò padà wá mọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé a kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ilé ìsìn náà. Nígbà tí mo lọ sọ fún ìyá náà, ó dákẹ́ pẹ́, ó sì wí pé, “Ó dára, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ wí fún àwọn tí ó kù.” Gbèsè tí mo jẹ ẹ́ ni mo ń san lónìí.

I. Kí ni a ń pè ní bàsílíkà?

Ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì ni ó bí orúkọ yìí, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ilé ọba. Láyé àtijọ́, àwọn ará Róòmù a máa kọ́ gbọ̀ngàn gígùn kan sí àárín ìlú, tí a fi òpó tò ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, níbi tí àwọn adájọ́ ti ń jókòó, tí àwọn oníṣòwò sì ti ń pàdé. Nígbà tí Ọba Kọnstantini dá àwọn Kristẹni sílẹ̀ kúrò nínú inúnibíni ní ọdún 313, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé ìsìn ní àwòrán gbọ̀ngàn wọ̀nyí, nítorí pé ó gba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ṣe di ti ilé Ọlọ́run.

Ní òde òní, oyè ni. Póòpù ni ó ń fi í fún ilé ìsìn tí ó bá jẹ́ pàtàkì nínú Ìjọ Àgùdà. Mẹ́rin ni àwọn tí a kà sí àgbà gbogbo wọn, Róòmù ni gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà. Ti Peteru Mímọ́ ni ó lókìkí jù. A fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé tí ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí lélẹ̀ ní 1506, a sì yà á sí mímọ́ ní 1626. Ẹ rò ó wò: 120 ọdún! Ẹni tí ó gbẹ́ òkúta àkọ́kọ́ kò gbọ́ orin ìyàsímímọ́.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Ọmọ Ìjọ Áńgílíkà ni wá; kí ni ó kàn wá nínú ilé àwọn Àgùdà?” Èmi wí pé Peteru àti Paulu kì í ṣe ti ìjọ kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá lọ wo ibi tí àwọn Kristẹni ìgbàanì ti jìyà, tí wọ́n sì ti sìn, kò sọ ìjọ tirẹ̀ nù. Ìmọ̀ kì í ba ìgbàgbọ́ jẹ́.

II. Kí ni a ń san owó fún?

Ibí yìí ni ọkàn ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sílẹ̀. Ní gbogbogbòò, ẹni tí ó wá sìn kì í san owó. Ẹni tí ó wá wò ni ó lè san. Bí ẹ bá di òfin kékeré yìí mú, alárinà kò ní rí yín tàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti Peteru Mímọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹnikẹ́ni lè tò sórí ìlà ní gbàgede iwájú ilé náà, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹ ẹrù rẹ̀ wò, kí ó sì wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí a ń gba owó fún ni gígun òrùlé ńlá rẹ̀ tí ó ṣe rìbìtì. Àtẹ̀gùn 551 ni ó wà níbẹ̀ fún ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ gùn ún dé òkè pátápátá. Ẹni tí ó bá san owó lé e, ẹ̀rọ yóò gbé e dé ìdajì ọ̀nà, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn 320 ṣì kù fún un. Ẹ̀yin ará Ọ̀kà, tí ẹ mọ òkè í gùn láti ìgbà èwe, ẹ lè rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ọ̀nà náà tóóró, ó sì ń yí ká bí ìkarahun ìgbín. Kí ẹni tí orúnkún ń dùn tàbí tí èémí ń ṣòro fún jókòó sí ìsàlẹ̀. Kò pàdánù ìbùkún kankan.

Bákan náà, ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, nígbà tí Póòpù bá ń kí àwọn àlejò ní gbangba, tíkẹ́ẹ̀tì wà fún ìpàdé náà, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí ó bá tà á fún yín, ohun tí a fi ta òun lọ́rẹ ni ó ń tà. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn ibojì àtijọ́ lábẹ́ ilé ìsìn náà: ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni a ń mú lọ lẹ́ẹ̀kan, a ń san owó, a sì gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè ṣáájú lọ́wọ́ ọ́fíìsì tí ó ń ṣe àkóso rẹ̀. Ẹni tí ó bá dé láìkọ̀wé kò ní rí i.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé owó ìwọlé jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní ibi gbogbo. Ní ìlú Barcelona, ní ilẹ̀ Sípéènì, bàsílíkà kan wà tí a ń pè ní Sagrada Família, èyí ni Ìdílé Mímọ́. A bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1882. Ní 1883, iṣẹ́ náà bọ́ sí ọwọ́ Antoni Gaudí. Ó ṣe é títí ọkọ̀ orí irin fi gbá a ní 1926, tí ó sì kú. A yà á sí mímọ́ ní 2010, síbẹ̀ iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ọrẹ àwọn ènìyàn ni a fi ń kọ́ ọ. Lónìí, owó tíkẹ́ẹ̀tì àwọn àlejò ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwa náà mọ irú iṣẹ́ yìí. Àwọn ìyá wa pọn omi, àwọn baba wa ru òkúta, a sì ń fi owó ìkórè gbé ògiri sókè ní ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Níbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ni ìkórè wọn. Síbẹ̀, àní ní Barcelona, ìsìn wà ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi tí a kì í gba owó fún, bí ènìyàn bá tètè dé kí àyè tó kún. Ẹ wò ó pé òfin wa dúró síbẹ̀.

III. Bí a ti í gba tíkẹ́ẹ̀tì

Àwọn ilé ìsìn olókìkí wọ̀nyí a máa ta tíkẹ́ẹ̀tì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tí a ó wọlé. Nítorí náà:

Èkíní, ẹ mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀kùn. Ilé ìsìn kọ̀ọ̀kan ní ojú-ìwé tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò a máa ṣe ojú-ìwé tí ó jọ ọ́, wọn a sì fi owó púpọ̀ lé iye tí ó yẹ. Gbogbo wọn kọ́ ni olè. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ ń fi kún un, àti ìdí rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ẹ̀rọ lò, kí ó pe ọmọ rẹ̀ tàbí olùkọ́ kan nínú ìjọ láti jókòó tì í, kí ó má ṣe gbé owó fún àlejò.

Èkejì, orúkọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní orúkọ ìsàmì, orúkọ ilé bàbá, àti orúkọ ilé ọkọ. Èyí tí ó wà nínú ìwé ìrìnnà yín nìkan ni kí ẹ kọ sínú ohun gbogbo, láìyọ lẹ́tà kan.

Ẹ̀kẹta, wákàtí. Ní ìgbà òtútù, aago Róòmù àti aago Nàìjíríà dọ́gba. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tiwọn fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Ẹni tí kò bá yí aago rẹ̀ padà yóò dé nígbà tí àyè rẹ̀ ti kọjá. Kí a má sì ṣe gba tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé fún ọjọ́ gan-an tí ọkọ̀ òfurufú yóò balẹ̀, nítorí ọkọ̀ a máa pẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Iná fóònù a máa kú, ṣùgbọ́n ìwé inú àpò kì í kú.

Ẹ̀karùn-ún, bí ẹgbẹ́ ni ó ń lọ, kí akápò má dá nìkan san owó. Kí ẹni méjì mọ̀ sí i, kí a gba rìsíìtì, kí a sì kà á sí etí gbogbo ẹgbẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

IV. Bàsílíkà tí ó sún mọ́ wa

Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé kò di ìgbà tí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ òfurufú kí ó tó rí bàsílíkà. Ọ̀kan wà ní Ouidah, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, nǹkan bí kìlómítà 40 sí ìwọ̀-oòrùn Kútọnu. A bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1903, a parí rẹ̀ ní 1909, Póòpù Jòhánù Páùlù Kejì sì fi oyè bàsílíkà fún un ní 1989. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, Póòpù Bẹ́nẹ́díkì Kẹrìndínlógún wá síbẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti fọwọ́ sí ìwé tí ó kọ sí ìjọ Áfríkà. Ohun tí ó ń ya àlejò lẹ́nu ni pé ojúbọ àwọn ẹlẹ́rẹ̀, níbi tí a ti ń tọ́jú òjòlá, dojú kọ ilé ìsìn náà gan-an. Àgbàlá kan ni ó wà láàárín wọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ìjọ ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Àkókó, láàárín igbó òrìṣà, ẹ ó mọ ohun tí ojú yín ń rí níbẹ̀.

Bí a ó ti lọ nìyí. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà fún ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, bí kò bá ní ju 90 ọjọ́ lọ níbẹ̀. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà ti 1979 ni ó ṣí ọ̀nà yìí. Ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà kò gbọ́dọ̀ wọ́n lọ́wọ́ ẹni, àti káàdì àjẹsára ibà pọ́njú. Kí ẹni tí ó bá ní ìwé pípé má ṣe gba ọ̀nà ẹ̀yìn ilé. Owó séfà ni a ń ná níbẹ̀, èdè Faransé àti Fọ̀n ni wọ́n sì ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yà sí Àjàṣẹ́ yóò rí ẹni bá sọ Yorùbá.

Bí a bá fẹ́ jọ́sìn níbẹ̀ ní Ọjọ́ Ìsinmi, kí a kúrò ní Ìkárẹ́ ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, kí a gba Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́ dé Èkó, kí a sì sùn síbẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, kí a gba Àgbádárìgì kọjá sí ibodè Sẹ̀mẹ̀, kí a sì dé Kútọnu kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má ṣe kọjá Àgbádárìgì láìwo ilé alájà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì ìjọ tiwa parí ní 1845. Ọjọ́ Àbámẹ́ta wà fún ìlú Ouidah fúnra rẹ̀: ojú ọ̀nà kan tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 4 ni a fi mú àwọn ẹrú lọ sí etí òkun, a sì ti gbé ẹnu-ọ̀nà ìrántí kan kalẹ̀ ní òpin rẹ̀. Àwọn baba ńlá Yorùbá wà nínú àwọn tí a mú gba ibẹ̀ lọ. Ẹ rìn ín ní ẹ̀rọ̀, ẹ má sì pariwo. Lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi, kí a bẹ̀rẹ̀ àbọ̀ ní Ọjọ́ Ajé, a ó dé ilé ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀. Ó ṣeé ṣe fún ẹni tí ó ń ta gààrí, bí ó bá fi ọdún kan tù ú jọ.

Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ju èyí lọ lè wo Yamoussoukro, ní ilẹ̀ Ivory Coast. Ààrẹ Houphouët-Boigny ni ó kọ́ bàsílíkà tí ó wà níbẹ̀, Póòpù Jòhánù Páùlù Kejì sì yà á sí mímọ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1990. Ó ga ní mítà 158. Ó ju ti Peteru Mímọ́ lọ ní gíga. Ìròyìn kan ni kí ẹ rántí nípa rẹ̀: Póòpù béèrè pé kí a kọ́ ilé ìwòsàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A fi òkúta rẹ̀ lélẹ̀ ní àkókò ìyàsímímọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ju 20 ọdún lọ kí ilé ìwòsàn náà tó ṣí ilẹ̀kùn fún aláìsàn. Ẹ jẹ́ kí àwa tí ń kọ́ ilé ìsìn ronú lórí èyí.

V. Fún ẹni tí yóò lọ sí Róòmù

Vatican kì í fúnni ní físà. Ti Ítálì ni a ń gbà. A lè béèrè fún un láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò, kò sì gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ tí kò tó 15. Ẹni tí ó bá gbọ́n yóò bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù. Ìwé ìrìnnà gbọ́dọ̀ ṣì wúlò fún oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, lẹ́yìn ọjọ́ tí a ó kúrò níbẹ̀. Ìwé adójútòfò ìlera gbọ́dọ̀ tó 30,000 euro. Láti oṣù kẹfà 2024, owó físà fún àgbàlagbà jẹ́ 90 euro, a kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gba físà, kí ẹ tó san owó ohun tí a kò lè dá padà. Ẹni tí ó bá ṣe ìlérí pé òun yóò gba físà dájúdájú, ẹ sá fún un. Ìlérí náà kò sí ní ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ láìfi bò. Ẹni tí ó bá fi orúkọ ìjọ gba físà, tí ó sì sá pamọ́ sí òkè òkun, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn arúgbó tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kí a má ṣe fi ìwé àlùfáà bo irọ́.

VI. Ìwà nínú ilé náà

Kí aṣọ bo èjìká àti orúnkún, ní ọkùnrin àti ní obìnrin. Àwọn ẹ̀ṣọ́ a máa dá ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ padà. Bùbá, ìró àti agbádá wa kò ní wàhálà níbẹ̀. Kí a pa fóònù. Bí ìsìn bá ń lọ lọ́wọ́, kí a jókòó gẹ́gẹ́ bí olùjọ́sìn, kí a má ṣe rìn kiri gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó wá sí ọjà. Àwa tí a kì í ṣe Àgùdà kì í gba oúnjẹ mímọ́ lọ́wọ́ wọn. Kí a jókòó ní àyè wa, kí a sì gbàdúrà. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Ní ìparí, ẹ rántí obìnrin ará Samaria tí ó bi Olúwa wa léèrè nípa òkè tí ó yẹ kí a ti máa sìn. Ìdáhùn tí ó gbà kò sí lórí òkè kankan. Ó wà nínú ẹ̀mí àti nínú òtítọ́. Ẹni tí kò bá lè lọ sí ibìkan kò kù díẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Ẹni tí ó bá sì lè lọ, kí ó lọ pẹ̀lú ìmọ̀. Olúwa wa fúnra rẹ̀ kọ́ wa pé ẹni tí yóò kọ́ ilé ìṣọ́ a kọ́kọ́ jókòó ṣe ìṣirò owó rẹ̀.

Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì dé Róòmù. Ó ti tún bẹ̀rẹ̀ èésú rẹ̀, Ouidah ni ó sì ń fojú sùn báyìí. Nígbà tí ó tún wá bi mí ní iye owó ìwọlé ibẹ̀, mo ti bèèrè kí n tó dá a lóhùn. Mo wí fún un pé, “Màmá, ẹ mú owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ dání. Ní ti ilẹ̀kùn, ó ṣí sílẹ̀.”